Abèèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tí Ó Ń Lọ Sí Ilẹ̀ Yúróòpù Nígbà Àkọ́kọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, gbogbo wa ni a sì ń pa á fún ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà múra ìrìn-àjò sí ilẹ̀ Yúróòpù lóde òní, a ó rí i pé a kì í bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ènìyàn yóò kó owó tí ó ti ń tọ́jú fún ọdún pípẹ́ lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́ ní Èkó. Yóò fi ọ̀rọ̀ àjò náà pa mọ́ fún ẹ̀gbọ́n, fún ọ̀rẹ́ àti fún aládùúgbò, títí bàálù yóò fi gbéra. "Ẹ má jẹ́ kí ayé gbọ́" ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń wà lẹ́nu wọn. Nígbà tí wàhálà bá dé ní ìdíkọ̀ tí kò ti gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni, kò ní sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà.

Èrò tèmi ni pé ìfarapamọ́ báyìí kì í ṣe àṣà Yorùbá. Àwọn baba wa mọ bí a ti í múra àjò. Bí a bá padà sí ọ̀nà tiwọn, ètò ọkọ̀ òfurufú àti ti ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Yúróòpù kò ní ju agbára olùkọ́ tàbí àgbẹ̀ kan ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì lọ.

Bí àwọn baba wa ṣe ń múra àjò

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ àṣà náà wò. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn kì í dìde lójijì. Yóò bi Ifá léèrè. Yóò sọ fún olórí ẹbí, olórí ẹbí yóò sì súre fún un. Yóò wá àwọn tí ó ti na ọ̀nà náà rí, yóò bi wọ́n léèrè ibi tí omi wà, ibi tí àwọn ọlọ́ṣà wà, àti ọjọ́ tí ọjà ń ná. Kì í dá lọ. Ọ̀wọ́ àwọn oníṣòwò ni yóò bá lọ. Ó mọ ìlú tí wọn yóò sùn, ó sì mọ orúkọ baálé tí yóò gbà wọ́n sílé níbẹ̀. Ó mọ̀ pé wọn a máa ti ẹnubodè ìlú bí ilẹ̀ bá ṣú, nítorí náà kì í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá òun lọ́nà.

Ní ìgbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn rárá. Ará Èkìtì tí kò bá bèèrè ọ̀nà tí ó là àti èyí tí ó dí lè di ẹrú kí oòrùn ọjọ́ kejì tó yọ. Ìbéèrè ni ó ń dáàbò bò ó. Àwọn tí ó mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni ó ń wá a bí kò bá dé.

Àwọn tí ó ti ṣíwájú wa lọ

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù nínú wa ṣe ṣe é. Àjàyí Crowther ti dé London ní 1826, nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tí ó padà lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í joyè àlùfáà ní 1843. Aláké Gbádébọ̀ lọ kí Ọba Edward Keje ní 1904, gbogbo Ẹ̀gbá ni ó sì mọ̀ pé ọba wọn lọ sí òkè òkun. Nígbà tí D. O. Fágúnwà lọ sí Ìlú Ọba ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, kò fi ohun tí ojú rẹ̀ rí pa mọ́. Ó kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, wọ́n sì tẹ apá kìíní ìwé náà, Ìrìnàjò, jáde ní 1949, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí nǹkan kà.

Ní àkókò náà, ojú omi ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń gbà. Ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Aureol bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Èkó àti Liverpool ní 1951, kò sì ṣíwọ́ kíkó èrò ní ọ̀nà yìí títí di àwọn ọdún 1970. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá ni yóò fi wà lójú omi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gúnlẹ̀ sí Liverpool, ọkọ̀ ojú irin ni ó tún kù kí ó wọ̀ lọ sí London. Ẹ kíyè sí i pé ọkọ̀ ojú irin ti wà nínú ìrìn-àjò wa sí Yúróòpù láti ọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe nǹkan tí ó dé lánàá. Ìran yẹn ni àwọn ọmọ Èkìtì bí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí ti Ìkọ̀lé àti olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Sam Àlùkò ti Òde-Èkìtì, tí wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé ní London ní ìparí àwọn ọdún 1950.

Ta ni ó ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé? Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a mọ̀ sí WASU, sílẹ̀ ní London ní 1925. Ní 1933 ni wọ́n ṣí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Camden Town. Ilé náà ni ó dà bí ilé baálé tí àwọn oníṣòwò àtijọ́ ń wọ̀ sí. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà níhìn-ín, àwọn ẹgbẹ́ ìlú a máa dá owó jọ fún ọmọ wọn. Ẹgbẹ́ àwọn Ibibio rán ọmọ mẹ́fà lọ sí òkè òkun ní 1938. Mo wá bi yín, ẹ̀yin òǹkàwé: ẹni tí odidi ìlú dá owó fún, tí wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére fún ní ṣọ́ọ̀ṣì, báwo ni yóò ṣe fi àjò rẹ̀ pa mọ́?

Oníbodè òde òní

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bínú sí físà bí ẹni pé ìwọ̀sí lásán ni. Èmi kò sọ pé kò ní ìwọ̀sí nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìlú rẹ̀ yóò rántí oníbodè tí ń jókòó sí ẹnu odi, tí ń gba owó bodè, tí ó sì ń bi àlejò léèrè pé: Níbo ni o ti ń bọ̀? Ọ̀dọ̀ ta ni o ń lọ? Kí ni o rù? Ìgbà wo ni o ń padà? Ìbéèrè mẹ́rin yìí náà ni ó wà nínú ìwé físà. Ẹni tí ó bá lè dáhùn wọn pẹ̀lú òtítọ́ àti ẹ̀rí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Kí a sọ pé olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni àwọn méjèèjì ní Ìsinbọ̀dé, ọmọ wọn obìnrin ń gbé ní Amsterdam, wọ́n sì fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́wàá ní Yúróòpù. Wọ́n fẹ́ rí Paris, kí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni pé orílẹ̀-èdè 29 ni ó wà nínú àdéhùn Schengen, tí wọ́n kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ní abúlé kan tí ń jẹ́ orúkọ yẹn ní Luxembourg ní 1985. Físà kan ni ó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn wọn. Ṣùgbọ́n Ìlú Ọba àti Ireland kò sí nínú wọn.

Ọ̀dọ̀ ìjọba wo ni wọn yóò ti béèrè físà? Kì í ṣe ibi tí bàálù ti kọ́kọ́ balẹ̀ ni a ń wò ṣáájú, bí kò ṣe ibi tí wọn yóò ti pẹ́ jù. Bí wọ́n bá sùn ní Paris fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì sùn ní Amsterdam fún ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀dọ̀ ìjọba Nẹ́dálándì ni wọn yóò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Paris ni wọ́n ti wọlé. Bí iye ọjọ́ bá dọ́gba, nígbà náà ni ibi àkọ́wọ̀ yóò ṣẹ́gun. Wọ́n lè gbé ìwé wọn kalẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ àjò, kò sì gbọdọ̀ kù tó ọjọ́ 15. Láti oṣù Kẹfà 2024, owó rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Wọ́n tún gbọdọ̀ ní ìwé ìdójútòfò tí yóò lè san ó kéré tán 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé.

Níhìn-ín ni ìfarapamọ́ ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ alágbàṣe tí yóò bá a ṣe ìwé òtẹ́ẹ̀lì èké. Bí wọ́n bá já irọ́ náà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè wà nínú ìwé wọn fún ọdún márùn-ún, gbogbo orílẹ̀-èdè 29 náà ni yóò sì máa rí i. Ọmọ tí ó ń gbé ní Amsterdam ì bá kọ ìwé ìpè fún bàbá àti ìyá rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìlú tí ènìyàn mọ baálé rẹ̀, kí ni a ń wá onírọ́ lọ síbẹ̀ fún?

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀fìn méjì mìíràn. Èkíní ni ti ẹni tí ó sọ pé níwọ̀n bí òun ti dé Paris, òun yóò yà sí London fún ọjọ́ méjì. Ó nílò físà Ìlú Ọba lọ́tọ̀. Bí físà Schengen rẹ̀ bá sì jẹ́ ti ìwọ̀lé ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ó bá ti jáde, kò lè padà wọlé mọ́. Èkejì ni ti ẹni tí ó ń pààrọ̀ bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Schengen kan láti lọ sí ibòmíràn. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọn, bí wọn kò tilẹ̀ ní jáde sígboro, àyàfi ẹni tí ó bá ní àwọn ìwé kan tí òfin dárúkọ. Kí ẹ bèèrè kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàálù

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láti Ìsinbọ̀dé dé Ìkẹjà lé ní 300 kìlómítà, ọ̀nà wa sì nìyí: gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ bàálù ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì kúrò nílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ti ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú owó tí ó fi ọdún pípẹ́ kó jọ. Kí ó sùn ní Èkó ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ó tó di ọjọ́ náà. Bí ẹni tí ó dé ẹnubodè kí wọ́n tó tì í ni.

Kí tọkọtaya wa ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí yóò gbé wọn lọ sí Paris, tí yóò sì gbé wọn padà láti Amsterdam. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé èyí ṣeé ṣe. Wọ́n rò pé ibi tí a bá wọ̀ ni a gbọdọ̀ gbà jáde, wọ́n á sì tún fi owó àti odidi ọjọ́ kan padà sí Paris láìnídìí. Bí wọ́n bá ní láti pààrọ̀ bàálù lọ́nà, kí gbogbo rẹ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí èkejì sì lọ, ẹrù ilé-iṣẹ́ bàálù ni láti wá òmíràn fún wọn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọrùn wọn ni ó wà.

Orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì gbọdọ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu lẹ́tà fún lẹ́tà. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn ìyá wa tí ìwé ẹ̀rí wọn ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn, tí ìwé ìrìnnà wọn sì ń jẹ́ ti ọkọ. Yorùbá kì í fi orúkọ ṣeré; ẹ má ṣe fi í ṣeré lọ́jọ́ àjò.

Ọ̀rọ̀ rélùwéè

A ṣí ọ̀nà ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907. Nígbà tí yóò fi di 1912, ó ti so Èkó mọ́ Kánò. Kò ya ilẹ̀ Èkìtì rí. Ará Èkìtì tí ó bá fẹ́ gba rélùwéè lọ sí Òkè Ọya ní láti kọ́kọ́ jáde kúrò ní ilẹ̀ Èkìtì lọ sí ìdíkọ̀ bí ti Òṣogbo. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí títí di òní. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tí ó bá ń lọ sí Yúróòpù kọ́kọ́ wọ ti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021. Kí ó gbà á láti ìdíkọ̀ Mọ́niyà lọ sí Èkó, kí ó wo bí a ti í wá nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ àti nọ́ńbà ìjókòó. Ohun tí ojú bá ti rí nílé kì í dẹ́rù bani lájò.

Ṣùgbọ́n ti Yúróòpù ní ìwà tirẹ̀. Èkíní, ìlú ńlá kan a máa ní ìdíkọ̀ púpọ̀. Ní Paris, ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Brussels àti Amsterdam ń gbéra ní Gare du Nord. Èyí tí ó ń lọ sí ìhà gúúsù Faransé ń gbéra ní Gare de Lyon. Ẹni tí ó bá ka "Paris" nìkan lórí ìwé rẹ̀ lè jókòó sí ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní dé láéláé. Èkejì, ọkọ̀ wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní Faransé, a máa ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ayára-bí-àṣá ní ìṣẹ́jú méjì ṣáájú àkókò tí a kọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, aago 24 ni wọ́n ń lò: aago méje alẹ́ ni 19:00. Ẹ̀kẹrin, wọ́n ń yí aago wọn padà ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti oṣù Kẹwàá. Àwa kì í yí tiwa.

Eurostar láti Paris dé Amsterdam ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, ó ń kọjá ní Brussels àti Rotterdam. A gbọdọ̀ gba ìjókòó sílẹ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayára ní Faransé, Ítálì àti Spéìn. Ní Jámánì àti Nẹ́dálándì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni a lè wọ̀ láìgba ìjókòó sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì a máa wọ́n sí i bí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ ra èyí tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà kí físà tó jáde. Ẹ má sì ṣe so ọkọ̀ ojú irin mọ́ wákàtí tí bàálù balẹ̀. Ìlà ìwé ìrìnnà lè gùn, pàápàá láti oṣù Kẹwàá 2025 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú àlejò, tí wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka rẹ̀ ní bodè. Kí àwọn arìnrìn-àjò wa sùn ní Paris ní alẹ́ àkọ́kọ́.

Nípa ẹrù, kò sí alábàárù ní ìdíkọ̀ wọn. Ẹrù tí ènìyàn kò bá lè dá gbé gun àtẹ̀gùn, kí ó fi í sílé. Òfin Yúróòpù kò sì gba ẹran àti wàrà láti ilẹ̀ wa wọlé, ìbáà jẹ́ ẹran gbígbẹ tí ìyá fi ìfẹ́ dì fún ọmọ. Iṣu tútù kò lè wọlé láìsí ìwé àṣẹ ìlera ohun ọ̀gbìn.

Àwọn tí ó ní ayé burú

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀ fún mi. Wọn yóò ní ìlara pọ̀, olè pọ̀, àti pé ìtìjú ni kí ènìyàn dágbére kí wọ́n má fún un ní físà. N kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Olè wà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró láàárín ọjà polówó ọjọ́ tí ilé òun yóò ṣófo. Àwọn baba wa náà kì í sọ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí kò pariwo àti ẹni tí ó fi ara pa mọ́. Olórí ẹbí gbọdọ̀ mọ̀. Ẹni tí ó ti dé ibẹ̀ rí gbọdọ̀ mọ̀, nítorí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí yóò gbà wá sílé gbọdọ̀ mọ̀. Kí àwọn mẹ́ta yìí ní ẹ̀dà ìwé ìrìnnà wa, tíkẹ́ẹ̀tì wa àti orúkọ gbogbo ibi tí a ó sùn. Ní ti ìtìjú físà, ìtìjú ẹni tí wọ́n kọ̀ fún kò tó ti ẹni tí ó sọnù sí ìlú àjèjì tí ará ilé rẹ̀ rò pé ó wà ní Ìbàdàn.

Ohun kan ni ó kù. Ìran àtijọ́ kì í wulẹ̀ bèèrè ọ̀nà lásán. Bí wọ́n bá dé, wọ́n a máa ròyìn. Lónìí, àwòrán ni a fi ń han ara wa, a kì í sọ iye tí a san, ọkọ̀ tí ó já wa sílẹ̀, tàbí ìdíkọ̀ tí a ṣì wọ̀. Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá lọ tí ẹ sì bọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sí ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ yín. Mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ jókòó ti àwọn bàbá àti ìyá tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool, kí wọ́n tó kọjá lọ. Ẹ̀yin àgbà, bí ọmọ bá wá dágbére fún yín, ẹ má ṣe bi í léèrè ohun tí yóò rà bọ̀ fún yín. Ẹ bi í léèrè ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá súre fún un pé àlọ rẹ̀ á ṣe, àbọ̀ rẹ̀ á sì ṣe.